Orí Méjì Níwájú Abẹ Olúgbọ́dí

Ní ayé àtijọ́, kí wọ́n tó bí ẹni tó bí bàbá mi, nígbà tí ìlú Ìlúgbèmí yìí ṣì kéré débi pé bí ará Òkè bá sín, ará Ìsàlẹ̀ ni yóò kí i pẹ̀lẹ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Olúgbọ́dí. Ìka mẹ́fà ni Olódùmarè fún un lọ́wọ́ ọ̀tún, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló sì ń fi í ṣe. Ẹ rò ó wò ná: ìka mẹ́fà, abẹ kan, orí olórí. Àlejò tó bá kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò gé ẹnikẹ́ni lára rí.

Olúgbọ́dí yìí ni baba ńlá wa. Gbóyèga àti Lámídì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ bá ara yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, òun ló ṣẹ̀ yín sílẹ̀, ojú á sì máa tì í lọ́run báyìí. Ìdí nìyẹn tí èmi Àṣàbí, ìyá àgbà yín, fi pè yín jókòó. Lámídì, fi fóònù yẹn sílẹ̀.

Láyé ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè jọba ní Ìlúgbèmí láìjẹ́ pé ará ilé wa fá orí rẹ̀. Bí orí bá dán, adé á gbà á. Bí orí kò bá dán, òun àti adé á kàn máa wo ara wọn lójú ni. Ó wá ṣe, ọba àgbà kan wàjà. Ọmọkùnrin méjì ló bí, àwọn méjèèjì ti kú ṣáájú rẹ̀, oníkálukú sì fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Adétòrò, ti Ilé Òkè. Àbúrò ń jẹ́ Adékànmí, ti Ilé Ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ o! Adétòrò ni kò jẹ́ kí adé tòrò. Adékànmí ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ òun lórúkọ ni adé ti kan òun. Ẹ̀yìn ìyá-ńlá kan náà ni wọ́n pọ̀n dàgbà, àwo kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun, àfi bí wọ́n ṣe di ẹni tó ń dọdẹ ara wọn.

Bí Adétòrò bá gba ààfin lónìí, Adékànmí á lé e jáde. Bí Adékànmí bá wọlé, kò ní tíì na ẹsẹ̀ tán tí Adétòrò á fi gba ẹ̀yìnkùlé dé. Kò sí èyí tó jókòó pẹ́ tó kí Olúgbọ́dí rí orí rẹ̀ fá. Lẹ́ẹ̀kan, ó ti bu omi sí Adétòrò lórí, irun ti rin, ni ariwo bá ta lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ọba fo ògiri tòun tomi lórí. Adékànmí wọlé, ó jókòó sórí àpótí kan náà, ó ní, "Bàbá, ẹ máa bá a lọ."

Olúgbọ́dí ní, "Orí tí mo rẹ ti sá lọ, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n tún omi mìíràn bù." Kó tó bu omi dé, Adékànmí náà ti fo ògiri.

Ọmọ ogun Ilé Òkè a máa ki ìyẹ́ pupa odídẹrẹ́ bọ irun. Ti Ilé Ìsàlẹ̀ a máa ki ìyẹ́ funfun lékèélékèé bọ̀ ọ́. Ará ìlú náà gbọ́n, méjèèjì ni kálukú ń kó sápò. Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀rù dà láàmú, ó ki méjèèjì bọ orí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé Òkè nà án, ó sá bọ́ sọ́wọ́ Ilé Ìsàlẹ̀, àwọn náà nà án. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oko kò ṣeé lọ mọ́ o, iṣu ń jẹrà nínú ebè, àwọn ọmọdé ń sùn pẹ̀lú ebi. Ó dùn mí títí dòní bí mo bá ń sọ ọ́.

Olúgbọ́dí bí ọmọkùnrin méjì, Ìgè àti Òjó. Ìgè mú ẹsẹ̀ wáyé, Òjó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ilé wa kì í bí ọmọ wẹ́rẹ́. Ìgè fẹ́ ọmọ Ilé Òkè, ó bá àna rẹ̀ lọ sógun. Òjó ń dáko lórí ilẹ̀ Ilé Ìsàlẹ̀, wọ́n fún òun náà ní idà. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ọba méjèèjì ránṣẹ́ síra wọn pé ó tó gẹ́ẹ́, lọ́la, létí odò, gbogbo ogun á pàdé, ẹni tó bá ṣẹ́kù ni ọba.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Olúgbọ́dí, gbọ́. Ó fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná. "Olúgbọ́dí, bí Ìgè bá pa Òjó lọ́la, tó wá délé, tó ní ebi ń pa òun, ṣé n ó gbé oúnjẹ fún un?"

Olúgbọ́dí gbé òkúta kan kalẹ̀. Ó mú abẹ rẹ̀, ó ń pọ́n ọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé akọni ni baba ńlá wa. Ẹ̀rù ń bà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí òkúta tó fi ń pọ́n abẹ. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó gbéra, ó di ibùdó Adétòrò.

"Kábíyèsí ọ̀la, bí ẹ bá ṣẹ́gun tán, ṣé ẹ ó tún máa dúró de onígbàjámọ̀ ni? Àbí ẹ ti gbàgbé omi ọjọ́sí? Ẹ jẹ́ kí n fá a sílẹ̀."

Inú Adétòrò dùn, ó tẹ orí ba. Olúgbọ́dí fá apá ọ̀tún, ó dán gbinrin. Ó dé àárín méjì orí, ó dúró, ó nu abẹ, ó ń kó ẹrù rẹ̀.

"Bàbá, ó kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó kù. Ṣé wọn kò sọ fún yín ni? Orí ọba kì í gba abẹ lẹ́ẹ̀kan. Títí n ó fi padà wá, oòrùn kò gbọ́dọ̀ rí i, fìlà kò gbọ́dọ̀ kàn án, abẹ ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ. Ẹni tó bá rú èèwọ̀ yìí, adé á kọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà ni bàbá wa ti dá a sílẹ̀. Ó ti di èèwọ̀ báyìí ṣá o, ẹ má dán an wò. Láti ibẹ̀ ó gba inú igbó lọ sí ibùdó Adékànmí, ó ro ẹjọ́ kan náà, ó fá apá òsì.

Ilẹ̀ mọ́. Ogun tò sétí odò, pupa níhìn-ín, funfun lọ́hùn-ún, wọ́n ń retí àwọn olórí wọn. Balógun lọ pe Adétòrò nínú àgọ́. Ó dáhùn láti ẹ̀yìn ẹní pé inú ń run òun. Wọ́n lọ pe Adékànmí. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun ń ronú. Oòrùn mú, kò sẹ́ni tó jáde. Ebi wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn jagunjagun.

Ìgè kígbe láti ìhín odò: "Òjó! Ṣé o mú nǹkan jíjẹ wá?"

Òjó ní, "Iṣu sísun ni. Ìyá ní kí n fún ọ nínú rẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀."

Ìgè wọ́ odò kọjá. Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n ń jẹ iṣu. Nígbà tí àwọn yòókù rí wọn, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá àna àti ìbátan tirẹ̀ lódìkejì.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ìránṣẹ́ Ilé Òkè àti ti Ilé Ìsàlẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà Olúgbọ́dí. Wọ́n ní kó wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí àwọn olórí máa bọ̀ níbí."

Kí ni wọn ó ṣe? Wọ́n wá. Àwọn ọkùnrin na ẹní sókè lórí wọn kí oòrùn má baà rí wọn. Wọ́n wọ àgbàlá, wọ́n gbé ẹní kúrò, ojú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe mẹ́rin. Ọ̀tún eléyìí dán, òsì rẹ̀ hu. Òsì tọ̀hún dán, ọ̀tún rẹ̀ hu.

Adékànmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá lẹ àwa méjèèjì pọ̀, orí ẹnìkan péré ló pé."

Adétòrò fajú ro, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gba imú rẹ̀ jáde. "Bí Ìyá-ńlá ṣe fá wa nìyí lọ́jọ́ tí iná orí bò wá, tí ìwọ sá kó tó parí."

Olúgbọ́dí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na abẹ sí wọn. "Èmi ò parí i. Ẹni tó bá fẹ́ jọba, kó jókòó, kí ẹnìkejì fá ìyókù."

Adétòrò wo abẹ, ó fọwọ́ kan ọ̀fun. "Kí n na ọrùn sílẹ̀ fún ọ̀tá mi? Orí mi kò dàrú."

Ẹ̀rù ń ba Adékànmí gidigidi. Ó wá jókòó sórí àpótí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pa mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí irun náà ná. Mi ò fẹ́ bá àwọn baba wa pàdé báyìí."

Adétòrò gba abẹ. Àwẹ̀ró di ojú. Abẹ gba ẹ̀bá etí, ó dé ẹ̀yìn ọrùn, ó dúró níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló rí i pé ó dúró. Lẹ́yìn náà, ó rọra gòkè padà sínú irun. Adétòrò fá a jákujàku, ó ń fá a, ó ń sunkún, títí tí orí fi dán.

Olúgbọ́dí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí!"

Ìgbà yẹn ni Adétòrò wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó rí i pé òun gan-an ló fi àbúrò òun jọba. Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ láyà jù mí lọ, àbúrò. Dìde kí n jókòó. Tàbí ṣé ìdajì orí ni n ó máa gbé kiri ni?" Ọba tuntun sì fá orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Òkè àti Ìsàlẹ̀ ti ń jọba tẹ̀lé ara wọn. Ilé wa á fá ìdajì, a ó sì gbé abẹ fún ilé kejì kí wọ́n parí i. Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ fún ọmọ méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán, tòun ti iṣu tí wọ́n ti jẹ létí odò.

Nínú ilé tiwa ńkọ́? Bí ọmọ ilé méjì bá jà, a kì í kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Àpótí la ń gbé jáde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó rí, àpá rẹ̀ nìyí lẹ́yìn etí mi. Ó ní ọwọ́ òun ló yẹ̀. Mo gbà á gbọ́, díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà nítorí ẹni tí yóò gbé abẹ lọ sáàfin lọ́jọ́ ìwúyè tó ń bọ̀ yìí, omi rè é nínú igbá. Abẹ rè é, mo ti pọ́n ọn kí n tó pè yín.

Háà! Gbóyèga ti jókòó, n kò tíì dákẹ́. Nítorí o ti gbọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ló borí ni, àbí? Ó dára. Lámídì, gba abẹ. Gbóyèga, kí ló dé tó o wá ń gbọ̀n? Bó ṣe ṣe Adékànmí náà nìyẹn. Na ọrùn rẹ.

Lámídì, bu omi sí i lórí. Rọra o. Àbúrò rẹ ni.