Ọmọ Ajagun ní Kíláàsì Kẹta

Nínú takisí láti Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà'ba, mo jókòó láàárín ìyá àgbà kan àti ọkùnrin kan tí ó ti rẹ̀ tẹnutẹnu.

"Ìyá, ilé ìwé tún ránṣẹ́ pè mí," ni ọkùnrin náà wí. "Ọmọbìnrin mi tún lu ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tún ṣe é, wọ́n á lé e. Mo nà án títí, kò gbọ́."

"Kí lẹ máa ń bá a sọ láràárọ̀?"

"Bí ó bá ti kúnlẹ̀, mo máa ń kì í. Ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn, ọmọ a-fọ́-ìlú-bí-ẹní-fọ́-igbá!" Bí ó ti ń kì í, ó ń fẹ̀ sí i, ààyè ìjókòó mi sì ń dín.

"Ìlú wo lẹ ní kó lọ fọ́ ní kíláàsì kẹta?"

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Lẹ́yìn oríkì ńkọ́, Bàbá ọmọ? Ẹ kì í bi í pé kí ló ń dùn ún?"

"Bàbá mi náà ò bi mí rí, Ìyá. Kò sí nínú oríkì wa."

"Ẹ fi kún un."

Nígbà tí a dé Màpó, mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń kùn sínú pé, "Ọmọ ajagun... ọmọ ajagun..." Kò rí ohun tí yóò fi tẹ̀ lé e.