Àǹtí Ìyábọ̀ àti Etí Pákó Tó Dúdú

Ẹ jẹ́ ká dìde dúró, ká ṣí fìlà, fún ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé orúkọ ara rẹ̀ sára pákó, tó kùn ún títí ó fi ń dán, tó sì kàn án mọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ ara rẹ̀. Akíkanjú ni. Ìyàwó rẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, onílé tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Síbẹ̀ ó gé e, kí ayé má baà gbàgbé. Mo mọ ọ̀pọ̀ irú wọn. Ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà ní Sùúrùlérè, èmi sì ni akọ̀wé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹrù kan wà lọ́rùn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. A lé obìnrin kan kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Àǹtí Ìyábọ̀ lorúkọ rẹ̀. A ní ó ṣe màgòmágó. Mo mọ̀ pé kò ṣe é, mo sì dákẹ́. Rárá, mi ò tiẹ̀ dákẹ́. Mo sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mi ló sì lé e lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alága ní kí n kọ ìwé pélébé kan tí a ó pín káàkiri, kí n fi sọ àǹfààní tó wà nínú kéèyàn wọ ẹgbẹ́ wa. Mo jókòó. Bí mo ṣe ń wá àǹfààní, obìnrin yẹn nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ibi tí mo jókòó sí ni mo wà tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Ẹ káàsán sà. Mọ́mì ní kí n bi yín bóyá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín máa ra ayùn wọn. Wọn ò tàn án látìgbà yẹn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ayùn oníná kékeré kan wà tí a ń gbé ka orí tábìlì. Bíléèdì rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn gìtá. Á máa lọ sókè sódò, èèyàn á sì máa fi ọwọ́ darí pákó lábẹ́ rẹ̀ títí àwòrán yóò fi jáde. Iṣẹ́ kọ́ ni fún wa o, ìgbafẹ́ ni. Káfíńtà kankan ò sí nínú wa. Káfíńtà ò ráyè ìgbafẹ́. Òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì la jẹ́, àti lọ́yà tí kò lẹ́jọ́, àti irú èmi, tí mo jáde ní yunifásítì tí mi ò lè kan ìṣó. A ní épírọ̀nù tí wọ́n kọ orúkọ wa sí láyà. Ẹ ò ní rí eruku igi kan lára rẹ̀. A ní òfin ẹgbẹ́ tó gùn ju ti ìlú lọ. Alága wa, Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, tó jẹ́ máníjà báńkì tẹ́lẹ̀, kì í dáhùn bí ẹ ò bá pè é ní "Ọ̀gá Àgbà Agégi."

Mo wọ ẹgbẹ́ kí n lè rí wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fi mí jẹ akọ̀wé lọ́jọ́ tí mo dé, torí pé mo ní dìgírì. Ìdí kejì tí mo fi wọ̀ ọ́ ni pé mo ti ra ayùn, mi ò sì mọ̀ ọ́n lò. Mo wo fídíò títí. Bíléèdì ń kán, pákó ń gbọ̀n, mo ń bú àwọn tó ṣe é.

Àǹtí Ìyábọ̀ ló gbà mí. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Mùṣin ló ti máa ń wá. Ó sọ fún mi rí pé látìgbà tí ọkọ òun ti kú, ìdí ayùn yẹn nìkan ni ara ti ń tu òun. Nínú gbogbo wa, épírọ̀nù tirẹ̀ nìkan ló máa ń dọ̀tí. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́yìn mi, ó wò mí bí mo ṣe ń bá igi jà.

"Akọ̀wé, ṣé ò ń rọ ọmọ lágbo ni? Má tì í mọ́ ọn lẹ́nu. Jẹ́ kó jẹ ẹ́ fúnra ẹ̀."

Mo dẹ ọwọ́. Pákó náà yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí mo ṣe ń yọ̀, ó na ìka sí etí ibi tí mo gé.

"Wò ó, ó ti ń dúdú. Bíléèdì yẹn ti kú. Tó bá ti kú, kì í gé igi mọ́, ṣe ló máa ń jó o. Pààrọ̀ ẹ̀, ahun."

Ó fún mi ní tuntun nínú tirẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ẹ bá bi mí ní àǹfààní ẹgbẹ́, òun nìyẹn. Kò sí fídíò tó lè dúró lẹ́yìn yín kó pè yín ní ahun. Oyè àti épírọ̀nù, ẹ fi wọ́n gbálẹ̀.

Nígbà tó yá, a ṣe ìpàtẹ. Òfin ni pé ọwọ́ àti ayùn nìkan ni kó gé ohun tí èèyàn bá gbé wá. Nítorí pé ẹ̀rọ kan wà ní Yábà tí wọ́n ń pè ní léésà. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, iná ló fi ń gé igi. Kí ẹ tó mu mínírà kan tán, ó ti parí. Etí igi á dúdú díẹ̀. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí a bá mú pé ó lò ó, lílé ni.

Alága gbé ẹyẹ idì wá. Èmi gbé àwòrán Èkó wá, òpópónà kọ̀ọ̀kan bí òwú. Àǹtí Ìyábọ̀ gé léèsì. Léèsì gan-an, tòdòdó tihò, lára pákó. Àwọn àlejò ń fọwọ́ kàn án bóyá aṣọ ni. Kò sẹ́ni tó wo ẹyẹ alága.

Alága wo léèsì náà pẹ́. Ó rí i pé etí rẹ̀ dúdú níbì kan. Ó ní, "Léésà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí ejò.

A jókòó ìgbìmọ̀. Àǹtí Ìyábọ̀ ní bíléèdì ló tán lọ́wọ́ òun, òun sì fi èyí tó ti kú parí iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé ayùn mi wá. Kí n gé e lójú yín."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí obìnrin yìí bá gé tirẹ̀ lójú wa, wọ́n á ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

Alága yíjú sí mi. "Akọ̀wé, ìwọ tó o lọ yunifásítì, kí lo rí sí i?"

Mo dìde. Mo tún awò ojú mi ṣe. Mo ní, "Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òfin wa ò sì fàyè gba pé kéèyàn wá gé igi níwájú ìgbìmọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn sí òwe náà, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́.

Kò sunkún. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣebí èmi ni mo fi bíléèdì tó kú hàn ọ́?" Mo tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ mi. Ó tú épírọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó ń ba ìgbìmọ̀ lẹ́rù. Kí ìpàtẹ náà tó wáyé, mo gun òkè ilé kan ní Yábà, tí kò jìnnà sí Tejúoṣó, níbi tí ẹ̀rọ léésà wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi mí pé kí ni mo lọ ṣe. Tómi, ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, rí orúkọ ẹgbẹ́ lára báàgì mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà? Ẹgbẹ́ yín mà ń ṣe wá lóore o! Alága yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹyẹ wọn lọ ni. Lọ́yà yẹn ń bọ̀ lọ́la. Ẹ ṣáà fi sáńpépà ra etí ẹ̀ kó má dúdú. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo wọn?"

"Àfi tí mùmú kan bá ṣẹ́kù tó ń fọwọ́ gé e."

Àwọn tó ti fi sáńpépà ra tiwọn ló jókòó dá ẹni tí kò ra tirẹ̀ lẹ́jọ́. Kò rà á torí kò sí nǹkan tó ń bò mọ́lẹ̀.

Ní báyìí, mo ti gbé àwòrán ayùn náà sí gúrúùpù wa. Wọ́n ti ń ná an. Lọ́yà ní, "Èló ni ìgbẹ̀yìn ẹ̀?" Alága ní kí wọ́n já a wálẹ̀ sí i, pé ayùn opó kò gbọdọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi fẹ́ tà á. Sátidé tó ń bọ̀ ni alága fẹ́ lọ gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní Mùṣin ni, àbí kí n kọ ọ́ sí gúrúùpù kí gbogbo wa jọ tú síta? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra ayùn náà, kí n dá a padà fún un, kí n má sọ nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ayùn la gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Mo ti fi gbogbo ìwé yìí bú àwọn ẹlòmíì. Ó rọrùn fún mi. Ṣùgbọ́n àwòrán Èkó tí mo gbé síbi ìpàtẹ yẹn, bíléèdì mi ò kàn án rí. Tómi ló bá mi gé e. Èmi náà ṣe é.