Ìgò Oògùn Tó Yẹ Ká Jọ Pín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá gbé ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe fìdáù ìyá kan ládùúgbò wa ní Bẹyẹrúnká.

Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe ìyá mi. Èmi ni mo ń mú wọn lọ sí ọsibítù. Oògùn náà wọ́n bí ojú, ìgò kan sì ju ohun tí ẹnì kan ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ìyókù kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọsibítù wá ń pe ẹni méjì tó ń lo oògùn kan náà sí ọjọ́ kan náà, kí wọ́n jọ pín ìgò, kí wọ́n jọ pín owó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi wá sí. Mo fi ìyá mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo lọ wo ẹni tá a fẹ́ jọ pín in. Àfi Ìyá Nímótà! Ilé wọn kọjú sí tiwa, ẹgbẹ́ àsàlátù kan náà ni àwọn àti ìyá mi wà. Wọn ò rí mi. Mo yára padà sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Àbúrò mi obìnrin ń múra ilé ọkọ nígbà náà, ẹ̀yin náà sì mọ bí àwọn àna ṣe ń wádìí àìsàn ìdílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru la ń pè é nílé. Èmi ni mo ní kí ìyá mi máa wí bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó yí ọjọ́ wa sí Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ̀ẹ́ dá ra odindi ìgò o," ló wí. "Ẹnìkejì yín ńkọ́?"

Mo ní wọ́n á rí ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló ń fowó ránṣẹ́ sí wa. Lójú mi ni wọ́n ṣe ń da ìyókù oògùn wa nù.

Ọsibítù ò rí ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì náà ló sọ fún mi pé Ìyá Nímótà dá ra ìgò kan, agbára wọn ò ká èkejì, wọn ò sì wá mọ́. Mo máa ń rí wọn níwájú ilé, tí wọ́n ń rù sí i. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Àbúrò mi wọlé ọkọ tán, mo ṣì lè dá wa padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú ń tì mí. Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la.

Mi ò lè búra pé oògùn yẹn ì bá gbà wọ́n là. Mi ò sì lè búra pé kò ní gbà wọ́n là.

Níbi fìdáù ni Nímótà ti sọ ohun tó pa ìyá rẹ̀ fún ìyá mi. Ìyá mi, tí ara wọn ti ń mókun, bú sẹ́kún. "Ọ̀rẹ́ mi, o ò wí! Ká ní mo mọ̀ ni, à bá jọ máa lọ."

Nígbà tá a délé, wọ́n bi mí pé, "Ìwọ tó o máa ń rìn kiri ọsibítù yẹn, ṣé o ò rí i níbẹ̀ rí ni?"

Mo ní rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ ìyá mi ò tíì parí, a ṣì ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá pè wá. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, ìyá mi ni àbí Nímótà?