Ẹsẹ̀ Ọ̀kùn Tó Wà Lórí Gíláàsì

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún. Dókítà sì ti sọ fún mi pé kí n má ka oṣù mọ́, ọjọ́ ni kí n máa kà. Kí erùpẹ̀ tó dí ẹnu mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ayàwòrán ni mí ní ilé ìwádìí kan. Àwọn kòkòrò inú ìgò ni mò ń yà. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ló ń kọ̀wé nípa wọn, òun ló ń pín wọn sí ìdílé-ìdílé. Ìyá Ọ̀kùn la máa ń pè é, kì í sì í bínú. Ojú rẹ̀ mú débi pé a máa ń fi ṣàwàdà pé ó lè rí ohun tí èèrà ń jẹ.

Ọ̀kùn tí mò ń wí kì í ṣe èyí gígùn tí gbogbo wa mọ̀. Kúkúrú ni. Ìpẹ́ méjìlá ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, bí o bá sì fọwọ́ kàn án, á ká jọ roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, torí-tẹsẹ̀ á wọnú lọ. Àwọn abo wọn jọra bí ìbejì. Ẹsẹ̀ méjì ìkẹyìn akọ, èyí tó nípọn, tó fi ń di abo mú, òun ló ń sọ ìdílé tó ti wá. Akọ kan ṣoṣo ni Ìyá Ọ̀kùn rí nínú irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ sílẹ̀ rí. Kó tó ká jọ ló ti rí i pé ṣóńṣó ẹsẹ̀ náà kọ̀ọ̀kan là sí méjì. Ó gbé e fún mi nínú ìgò sípíríìtì pé kí n gé ẹsẹ̀ náà, kí n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń gbé sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kí n sì yà á. Ó ní, "Àbúrò, má fipá ṣí i o. Jẹ́ kó rọ̀ di ọ̀la."

Èmi ọlọ́gbọ́n-lójú-ara-mi, mo ń wá ẹni tó máa yìn mí pé ọwọ́ mi yá. Mo fi ẹ̀mú kékeré ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo rí ṣóńṣó méjì náà nínú awò, kedere. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ "kẹ́". Ẹsẹ̀ kan rún lábẹ́ ẹ̀mú, èkejì ta sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wá a títí, mi ò rí i. Ó yẹ kí n ké. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣí ìgò ọ̀kùn tó wọ́pọ̀, mo gé ẹsẹ̀ tirẹ̀, ṣóńṣó kan péré, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo sì yà á. Ẹ wo ọwọ́ burúkú!

Nígbà tó rí àwòrán, ó ní, "Àbúrò, méjì ni mo rí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ọn."

Síbẹ̀, méjì ló kọ sínú ìwé rẹ̀. Àgbà onímọ̀ kan wá yẹ gíláàsì náà wò, ó ní irọ́ ni obìnrin yìí pa kó lè gbayì. Àwọn ọ̀gá ilé ìwádìí ní kí Ìyá Ọ̀kùn wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó, ọ̀kan ló rí. Wọ́n wá pè mí wọlé. "Ayàwòrán, ṣé o rí ṣóńṣó méjì?" Ìyá Ọ̀kùn jókòó níbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Rárá, sà. Ọ̀kan ni."

Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e. Ní ẹnu géètì, ó di ọwọ́ mi mú. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi! Ó ní, "Má sunkún. Ìwọ ò lè parọ́ mọ́ mi. Ojú mi ló ń tàn mí jẹ." Mo gbọ́ pé láti ìgbà náà kò wo inú awò mọ́. Bó bá fẹ́ ránṣọ, á pe ọmọ rẹ̀ kó bá òun wo àwọ̀ òwú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ké síta lọ́jọ́ tó bàjẹ́. Mo ti fi ẹ̀dà ìwé ìjẹ́wọ́ yìí ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí. Èyí tó kù, ọmọ Ìyá Ọ̀kùn ni mo ní kó kà á fún un. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú yín kò tàn yín jẹ rí. Èmi ni.