Ìpè Nọ́ọ̀sì Tí Mo Fi Pamọ́ fún Àbúrò Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sì sọ ọ́ fún ìyá mi. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún fẹ́ fi jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀kejì.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Bódìjà là ń gbé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Àbúrò mi obìnrin, Ràfíátù, ló ń gbé pẹ̀lú èmi àtàwọn ọmọ mi méjèèjì. Aránṣọ ni, ó ní ìsọ̀ kékeré kan ní Agbowó. Òun ló máa ń mú àwọn ọmọ wálé láti ilé ìwé tí mo bá wà níbi iṣẹ́.

Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó máa ń pọ̀ láàárọ̀ tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, pé òun sì ń gbọ́ ìró kan létí bí omi tó ń ṣàn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. A rò pé ibà ni, a lo oògùn ibà títí. Nígbà tó yá, a lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọn ò rí kókó kankan. Dókítà ní omi tó yí ọpọlọ rẹ̀ ká ló ń tì í jù, pé ó sì ti ń wu iṣan tó ń jẹ́ kí ojú ríran léwu.

"Ṣé ẹ máa la orí rẹ̀ ni?" Èmi ni mo béèrè.

"Rárá, mà. A ò ní fi ọ̀bẹ kàn án. Á máa lo oògùn, á dín iyọ̀ kù, á dín bó ṣe sanra kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú rẹ̀ wò déédéé. Orí lè fúyẹ́ kí ojú ṣì máa bàjẹ́ lọ."

Ràfíátù gbọ́ràn. Oògùn náà máa ń mú kí ìka rẹ̀ ṣe é bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ó ní tí òun bá mu mínírà, ó ń dà bí irin lẹ́nu òun. Síbẹ̀ ó ń lò ó. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ìsọ̀ láàárọ̀. Orí fífọ́ náà sì dín kù.

Iléeṣẹ́ fóònù ti ti láìnì rẹ̀ pa lásìkò yẹn, torí náà nọ́ńbà tèmi ló wà nínú fáìlì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo wà ní ọ́fíìsì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fúnkẹ́ pè mí.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Dókítà ti wo àyẹ̀wò ojú tí Ràfíátù ṣe. Iṣan yẹn ti wú sí i. Kó wá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, kó má kọjá lọ́la. Wọ́n fẹ́ dá a dúró sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ jáde ní ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì fi kún oògùn rẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́, pé n ó sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n ṣe ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mi ò yege. Mo ronú pé tí wọ́n bá dá Ràfíátù dúró, ta ni yóò máa mú àwọn ọmọ? Ta ni yóò dáná? Mo ní orí ò kúkú fọ́ ọ mọ́. Mo ní tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, n ó sọ. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa kàwé yín, màá bójú tó àwọn ọmọ." Mo ń kàwé mi lọ.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí.

Nọ́ọ̀sì yẹn tún pè. Mo ní Ràfíátù ti lọ kí àwọn ẹbí wa ní Ṣakí. Ràfíátù wà ní Agbowó, ó ń ránṣọ.

Mo ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Ràfíátù mú àwọn ọmọ wálé, ó jókòó sórí àga, ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún. "Àǹtí mi, mi ò fi ojú òsì rí nǹkan kan mọ́. Bíi pé èèyàn fa kọ́tìnì bò ó."

Nígbà tí a sáré dé ilé ìwòsàn, dókítà béèrè pé kí ló dé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé wọn ò pè wá ni.

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò pè wá."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́. Ó ní òun pè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ibo ló kọ ọ́ sí. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Ó yíjú sí mi. "Mà, ẹ ò rántí ohùn mi ni?"

Mo ní rárá.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, wọ́n fi kún oògùn, ojú ọ̀tún kò bàjẹ́. Ti òsì kò padà. Wọ́n lé Fúnkẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi yege ìdánwò mi.

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan sọ fún Ràfíátù pé Fúnkẹ́ ti ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn mìíràn ní Challenge. Inú bí i gan-an. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń fún nọ́ọ̀sì níwèé àṣẹ, kí wọ́n gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà fọ́ ojú ẹlòmíràn. Ó ní èmi ni mo mọ lẹ́tà kọ.

Mo ti kọ ọ́ tán. Ẹ dárí jì mí, lẹ́tà náà dára. Mo fẹ́ kà á fún un lánàá. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n ṣáà fi ibi tí òun máa fọwọ́ sí han òun, pé ohun tí mo bá kọ, òun mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Ràfíátù ni àbí Fúnkẹ́? Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ràfíátù ń dúró de lẹ́tà yìí.