Ìka Tó Dúró Lórí Dùùrù

Ẹ yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ fi àtàǹpàkò yín kan ìka àárín yín. Gbogbo yín o, títí kan ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára? Ó dáa, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí mo fi oṣù mélòó kan tọrọ nìyẹn.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Akin tí mo máa ń tẹ dùùrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń jókòó lẹ́yìn lè má mọ ojú mi, ìpàkọ́ mi lẹ mọ̀. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ fi ń wo fídíò lórí fóònù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kì í rí, ni tèmi. Ẹ wo ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Ìsìkàn. Ẹnu ẹ̀rọ kan ni, kẹ́ẹ̀gì sì pọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ tí yóò máa sọ pé, "Ìwọ, ó kàn ọ́. Ìwọ, sún sẹ́yìn." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, kí iṣẹ́ kan má baà gba gbogbo ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìjà ni.

Ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, mo lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, mo padà wálé, mo wá ń bá ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ṣiṣẹ́ láti inú yàrá mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kì í tó mi. Bí mo bá ti ṣíwọ́ nínú ti ọ̀gá, mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi nìyẹn. Dùùrù yìí gan-an, ẹ rántí pé ó ti kú. Àwọn àgbà ti ní kí a gbé e jù sẹ́yìn ilé. Mo tú inú rẹ̀, mo kọ sọ́fítíwíà tuntun fún un, ó sì dún! Àfi ọjọ́ ìkórè tí ohùn kan dún tó kọ̀ tí kò dákẹ́ mọ́, fíìì, títí Pásítọ̀ fi gbàdúrà ọrẹ tán. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mi ò jókòó jẹun títí mo fi tún un ṣe.

Àárín ìgbà yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí. Mo ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Mo pààrọ̀ àga. Mo fi òróró pa á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ṣiṣẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo lọ sí ọsibítù, dókítà ní iṣan kan ló há ní ọrùn ọwọ́ mi, kí n sinmi, bí kò bá sàn, wọn á là á. Kí n sinmi kẹ̀? Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo délé, mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Mò ń gbàdúrà o! Ṣùgbọ́n mò ń gbàdúrà, mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan. A kọ orin tán, gbogbo yín dákẹ́, ohùn kan ṣẹ́kù lórí dùùrù. Fíìì. Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ẹgbẹ́ akọrin ní, "Akin, kọ̀ǹpútà rẹ ti tún dé o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo na ọwọ́ òsì kí n pa á. Mo wá wo ìsàlẹ̀.

Ará, ìka mi ni. Ìka àárín mi wà níbẹ̀, ó tẹ dùùrù mọ́lẹ̀, èmi ò sì mọ̀. Mò ń fojú rí i, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo fi ọwọ́ òsì gbé e kúrò bí ẹni ń gbé ẹrù ẹlòmíràn. Ohùn náà dákẹ́. Ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín, èmi sì ń wo ìka náà. Bí ọwọ́ yìí bá lọ, iṣẹ́ lọ, dùùrù lọ. Kí ló wá kù nínú Akin?

Ọjọ́ kejì ni mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lọ́dọ̀ ìyá mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Rárá o! Ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé láptọ́ọ̀pù mi sínú àpótí, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kan lédè Oǹdó, ẹ jẹ́ kí n tú u nítorí àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ tó wà láàrin wa. Ó ní, "Ò ń gbé ọwọ́ fún Ọlọ́run, o sì ń gbà á padà láràárọ̀. Fi í sílẹ̀ kí Ó ráyè tún un ṣe."

Hà! Ara mi kò gbà á. Mo rìn yí ilé ká bí àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mo mú ìgbálẹ̀, ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ òsì tú rédíò rẹ̀, ó gbà á. Mo ní kí n bá a bó ẹ̀gúsí, ó lé mi. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà rẹ̀ ń wá láràárọ̀, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé mi, ọwọ́ mi kú síbẹ̀ bí igi. Ilé iṣẹ́ kọ̀wé, mo sọ òtítọ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn á wá ẹlòmíràn. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo sì sọ ọ́ fún Un. Mo ní, "Baba, ìwọ lo mọ ohun tí mo ń fi ọwọ́ yìí ṣe, kí ló dé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín ni, ìyá mi gbé tíì fún mi nínú kọ́ọ̀bù tánńganran. Mi ò ronú, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbà á. Yéè! Mo ju kọ́ọ̀bù nù. Ìyá mi fò sókè, ó rò pé ejò ni.

"Kí ló dé?"

"Màámi, ó gbóná! Ó gbóná!"

"Ṣebí tíì ni? Kí lo fẹ́ kó ṣe?"

Mo na ìka sí i. Ó pupa, ó ń ta mí, mò ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yé e, ẹ wá wo ìyá àgbà tó ń jó nínú tíì! Alelúyà!

Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù fi padà. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí lílà mọ́, ìsinmi ló ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, àhámọ́ ni wọ́n fi mí sí kí n tó sinmi. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: iṣẹ́ yẹn lọ. Mò ń wá òmíràn. Ara mi ò sì tíì balẹ̀ tán, ẹ wò ó bí mo ṣe ń rìn síwá sẹ́yìn láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ ọwọ́ mi báyìí, mo máa ń sọ fún ara mi pé, Akin, kẹ́ẹ̀gì tìrẹ náà, sún un sẹ́yìn.

Pásítọ̀ ti ń wò mí, mo mọ̀ pé mo ti pẹ́. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ sídìí dùùrù. Bí a bá kọrin tán tí ohùn kan ṣẹ́kù, ẹ má fi kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín o. Èmi ni mo fi ìka mi síbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.