Igi Àgbọn Tí N Kò Gbìn fún Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ní Sátidé tó ń bọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí yóò lọ dúró sí ìdí igi àgbọn tí kì í ṣe tirẹ̀, lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ fún un pé tirẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí yóò gbà mí nímọ̀ràn. Nígbà tí gbogbo ilé ti sùn ni mò ń kọ èyí, torí kò sí ìgbà mìíràn tí ọwọ́ mi ń dilẹ̀. Àìdilẹ̀ ọwọ́ yìí gan-an ló sì kó bá mi.

Ní ilé ọkọ mi, létí òkun níbí lápá Àgbádárìgì, tí obìnrin bá bímọ, wọn yóò gbé àgbọn kan tó ti gbó sí igun ilé ìdáná títí yóò fi hù. Ìyá ọmọ ni yóò yan ibi tí wọn yóò gbìn ín sí, wọn yóò sì sin ìwọ́ ọmọ náà sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí igi bá wà, ibẹ̀ ni ìpín ọmọ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Kò sí ìwé kankan tó tún jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí mo bí Sènàmí, àdín àgbọn ni àwọn òyìnbó oníṣòwò ń wá kiri. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ojú omi máa ń wá kó tèmi. Mò ń fọ́ àgbọn, mò ń rin ín, mò ń fún un, mò ń sè é, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Apẹja ni ọkọ mi. Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí àwọn apẹja etíkun wa kì í wọ òkun. Lọ́jọ́ náà, yóò tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi.

"Ìyá Sènàmí, fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ jàre, wá jókòó ká jọ rò ó. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa lọ́dọọdún. Tí a bá lọ gbin igi ọmọ yìí síbi tí kò yẹ, kí ló máa kù fún un lọ́la?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ìkòkò yìí kalẹ̀ ná."

"Ìkòkò wo? Èyí tó wà lórí iná ni, àbí èyí tí o tún fẹ́ gbé kaná?"

Yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà yóò rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sọ ìyẹn kalẹ̀, màá gbé òmíràn kaná, òun yóò sì dúró dè mí títí oorun yóò fi gbé e lọ lórí ẹní. Lójú mi nígbà náà, ẹni tó bá káwọ́ jókòó tó ń ronú kò ṣiṣẹ́ kankan.

Nígbà tó yá, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pẹja lọ́nà Kútọnu fún oṣù bíi mélòó kan. Àgbọn ọmọ mi ti hù, ewé rẹ̀ ti ga dé orúnkún. Ọjọ́ Ẹtì kan wá dé, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, àdín mi kò kún agolo, àgbọn sì tán nílé.

"Ìyá, ṣé kí n kúkú tẹ́ ẹní síbí ni?" Atukọ̀ ló ń bú mi bẹ́ẹ̀ láti etí omi.

Mo wò yíká, àgbọn igun ilé ìdáná ni mo rí. Mo ní màá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tó bá di ọ̀la. Mo fi àdá là á. Inú rẹ̀ ti di nǹkan funfun rírọ̀ tó dùn, àdín inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Sènàmí ń rá kiri nítòsí, mo bù ú fún un. Ọmọ mi jẹ igi ara rẹ̀ láti ọwọ́ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí ọ̀la dé, ìkòkò tún wà lórí iná.

Ibà ni ọkọ mi gbé bọ̀ láti Kútọnu. Orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí ló ti bi mí léèrè igi náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní mo ti gbìn ín, nítòsí kànga. "Ibẹ̀ dára," ó ní, "o rò ó dáadáa." Kò dìde mọ́.

Nígbà tí Sènàmí dàgbà tó béèrè igi tirẹ̀, irọ́ yẹn náà ni mo tún pa. Igi tó wà nítòsí kànga, ti Hùnsù ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ti lọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tipẹ́, tí ìyá rẹ̀ sì ti kú. Ọmọ mi ń bomi sí i, abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ìlú Ìbẹ̀rẹ̀kò ló wà báyìí tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, "Màmá, abẹ́ igi mi ni màá kọ́ ṣọ́ọ̀bù mi sí." Mo ní, "Àṣẹ." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Hùnsù ti dé láti Èkó. Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, ní kí oníkálùkù lọ dúró sí ìdí igi rẹ̀ ní Sátidé, òun ó wọn ilẹ̀ fún un kí òun tó kú. Ó mọ ẹni tó ni igi kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe mọ orúkọ wa.

Ìwọ́ ọmọ mi ṣì wà nínú àpótí mi, nínú aṣọ funfun, ó ti gbẹ bí ẹ̀ka atalẹ̀. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Àgbà ṣáájú ọjọ́ náà? Tó bá ní ẹni tí kò nígi kò nílẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà? Ojú wo ni màá fi wò ó? Lánàá ni mo gbé àgbọn tuntun sí igun ilé ìdáná. Mo mọ̀ pé kò lè hù kí Sátidé tó pé.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹnìkan bá tẹ́ ẹní fún yín pé kí ẹ wá ro ọ̀rọ̀ ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìkòkò náà jóná, kí ẹ sì jókòó. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Níbo ni kí n sin ìwọ́ ọmọ mi sí?